Ààlè Tí Mo Fi Ṣọ́ Àyè Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí òórùn ọ̀dà tútù bá ti fẹ́ sí mi nímú, Dùgbẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ. Kì í ṣe Dùgbẹ̀ ti ìsinsìnyí, Dùgbẹ̀ ti àwọn ọdún 1980 ni mò ń wí, nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Bódìjà. Nínú ọgbà ọ́fíìsì ìjọba kan níbẹ̀, akunlé kan fi ọ̀dà funfun fa ìlà yí àyè ọkọ̀ kan ká lábẹ́ igi máńgòrò, nítòsí ilẹ̀kùn àbáwọlé, ó sì ya àwòrán ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ sí àárín rẹ̀. Bí ó bá ti rí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, á jẹ́ lójú àlá, nítorí ẹni tó yà síbẹ̀ jọ ẹni tó jókòó sínú agbada àkàrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá méjèèjì ti abíyá, wọ́n dúró ti àwòrán náà kí ọ̀dà tó gbẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ilé.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú wọn lẹ́sẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ní ìlú wa lápá òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Díákónì ni bàbá wa nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, àgbẹ̀ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá lè gbé ọkọ́ gbọ́dọ̀ gbé kálàmù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lóòótọ́. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀, ìka wọn sì yá lórí ẹ̀rọ débi pé àwọn ọ̀gá máa ń du wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tọ́jú owó díẹ̀, wọ́n ra ọkọ̀ ìjàpá àlòkù kan, wẹ́dà kan ní Mọ́kọ́lá sì jó irin méjì mọ́ ọn, tí wọ́n fi ń fọwọ́ tẹ bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì. Bí irin náà bá ń dún kíríkì-kíríkì lójú títì, orí mi a máa wú.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àyè náà fi jẹ́ tiwọn. Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì náà tó ń gun Pijó dúdú. Má bínú, mi ò lè fi “wọ́n” pe ọkùnrin yìí títí dòní. Òjìji igi máńgòrò yẹn wù ú, kò fẹ́ kí oòrùn bó àga ọkọ̀ rẹ̀. Bó ti wù ká tètè jí tó, òun àti awakọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, nítorí àwọn nìkan ni bàbá aṣọ́gbà máa ń ṣí géètì fún kí aago méje tó lù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, mò ń jáde báyìí.” Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn a máa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, a sì máa parí nírọ̀lẹ́.

Ojú títì ló kù fún wa, nítorí àwọn ọ̀gá nìkan ló ní àyè lẹ́yìn ilé. Àbí o ò rántí pátákó méjì tó wà lágbègbè yẹn? Ọ̀kan ní ká má gbé ọkọ̀ sápá ọ̀tún láti aago méje sí mẹ́wàá. Èkejì ní apá òsì ni a kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, àyàfi... ìyókù ọ̀rọ̀ ti sọnù sábẹ́ pósítà ìsọjí. Àyàfi kí ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi bi òṣìṣẹ́ káńsù kan léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ wo ni tòní?” Ọkùnrin náà wo ọkọ̀ wa, ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ò gbé e sí ni.” Ó tú nọ́ńbà ọkọ̀ lọ lójú wa, a sì ní láti lọ san owó ìtanràn ká tó rí i gbà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ará káńsù tú u láàárín oṣù kan. Mo kọ́kọ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tó yá, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Owó ìtanràn kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù jù, ìlà pupa ni. Bí aago méje ààbọ̀ bá ti lù, akọ̀wé kan á fi bíró pupa fa ìlà sínú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń fọwọ́ sí i pé àwọn ti dé. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, abẹ́ ìlà ni yóò kọ orúkọ tirẹ̀ sí. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú ọgbà láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá ẹ̀gbọ́n mi á sì máa rì sínú rẹ̀. Mo máa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ọlidé tí mò ń ṣe ní ilé ìtàwé kan nítòsí. Òógùn á ti mu ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn, orúkọ wọn á sì tún bọ́ sábẹ́ ìlà. Ìgbà yẹn ni ìjọba ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn èso lórí igi. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ méjì ti tẹ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lórí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá gba ẹ̀kẹta, ilé ló ń lọ. Ìyàwó wọn wà nínú oyún, èmi náà wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Ibi tí mo ti ń ronú ni mo ti rántí igi ìdáná màmá wa. Bí wọ́n bá ṣẹ́gi lóko tí ẹrù náà pọ̀ jù, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n máa ń kó o jọ sí. Wọ́n á ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á so àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti ògbólógbòó ìgbálẹ̀ mọ́ ọn. Ààlè nìyẹn. Igi náà lè lo oṣù kan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Mo bi wọ́n nígbà kan pé ṣé ó yẹ kí ìyàwó díákónì máa lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo kó ọ̀pá kékeré kan, àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti ìgbálẹ̀ sínú báàgì tí mo fi gbé Bíbélì, mo wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀. Mo purọ́ fún bàbá aṣọ́gbà pé ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé nǹkan sínú ọgbà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Bàbá ní, “Ẹ wọlé, sìsí,” wọ́n sì padà sídìí oorun wọn. Inú agolo mílíìkì kan ni mo bu iyanrìn sí, mo ri ọ̀pá náà sínú rẹ̀, mo gbé e lé àárín àwòrán, mo sì so gbogbo nǹkan mọ́ ọn bí mo ti rí i tí màmá wa ń so ó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀gbọ́n mi. Mo sun oorun àsùngbádùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a bá Pijó náà lójú kan nínú ọgbà, ó jọ pé ó ti dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Awakọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ààlè bí ẹni ń wo ejò. Ọ̀gá náà yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó wò ó, ó sì yára yí gíláàsì sókè. Ọkùnrin tó kàwé dé òkè òkun! Awakọ̀ wọlé, ó rẹ́fáàsì, wọ́n lọ gbé ọkọ̀ sínú oòrùn lẹ́yìn ilé. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi darí ìjàpá wa síbẹ̀, ni bàbá aṣọ́gbà bá sáré wá, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú ọkọ̀. “Bọ̀dá, ẹ má débẹ̀ o! Àbí ẹ ò rí nǹkan tó wà níbẹ̀ ni?”

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ rèé. Mo fi ààlè ṣọ́ nǹkan onínǹkan, mi ò sì sọ fún onínǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tò sójú fèrèsé òkè, wọ́n ń wòran. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé e kúrò, gbogbo ayé á ní àwọn ló gbé oògùn wá síbi iṣẹ́. Bí wọn ò bá sì gbé e kúrò, kò sí àyè. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi.

“Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni.”

A tún padà sójú títì, a tún rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, orúkọ wọn sì tún bọ́ sábẹ́ ìlà pupa. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ará káńsù ti tú nọ́ńbà lọ, ìwé kan sì ti dé orí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá fojú kan ọ̀gá àgbà pátápátá ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, lórí pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ àti lórí oògùn tó wà nínú ọgbà ìjọba. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó sídìí oúnjẹ. Ìyàwó wọn ń wò wá lójú, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un.

Mo ní mo máa tẹ̀lé wọn. Wọ́n kọ̀, mo sunkún, wọ́n gbà. Obìnrin ni ọ̀gá àgbà náà, màmá kan báyìí tí gíláàsì ojú wọn máa ń yọ̀ wá sórí imú. Ọ̀gá oní-Pijó ti jókòó síbẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Kí ẹnikẹ́ni tó yanu, mo ti kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ sí i.”

Mo ro ẹjọ́ pátákó méjì, mo ro ti ìṣẹ́jú márùn-ún, ti ìlà pupa, títí dórí igi ìdáná màmá wa. Agbára káká ni mo fi dánu dúró láti mí. Màmá bọ́ gíláàsì wọn.

“Kí lo so mọ́ ọn?”

“Ṣùkù àgbàdo, mà. Àkísà pupa, àti ìgbálẹ̀.”

“O ò fi ìkarawun ìgbín sí i?”

“Rárá, mà.”

“Ìyá tèmi máa ń fi í sí i,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá kọjú sí ọ̀gá náà. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ló ń bẹ̀rù ààlè?”

Ọ̀gá náà ní ohun ìbọ̀rìṣà ni, pé kò yẹ kó wà ní ọ́fíìsì ìjọba.

“Mo ní ta ló ń bẹ̀rù rẹ̀? Ẹni tó ṣẹ́gi a máa wá gbé igi rẹ̀ lọ sílé nígbà tó bá wù ú. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́fáàsì, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe tiyín nìyẹn?”

Ọ̀gá náà wo bàtà rẹ̀ títí, ó ní, “Ẹ má bínú, mà.” Màmá ní, “Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀.” Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n dúró lórí ọ̀pá méjèèjì láti ìgbà tí a ti wọlé láìsí ẹni tó fi àga lọ̀ wọ́n, ó sì bẹ̀ wọ́n. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Àánú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣe mí.

Màmá bá wa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba àárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yọjú kọjá, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé agolo náà, wọ́n sì kó o lé mi lọ́wọ́. “Gbé e padà fún ìyá ẹ,” ni wọ́n wí. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ẹ lọ gbé ọkọ̀ yín wọlé.” Kò sí ìwé kẹta. Màmá ní kí akọ̀wé yọ méjì ìṣáájú kúrò nínú fáìlì, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí káńsù, tí nọ́ńbà wa fi padà wálé láìsan kọ́bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ṣéènì kan ti wà lẹ́nu àyè náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ bàbá aṣọ́gbà, tí yóò máa ṣí i bí wọ́n bá ti gbóhùn irin kíríkì-kíríkì lókèèrè.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìjàpá sábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbórí lé ọwọ́ ọkọ̀, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Èmi náà bá bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. “Nígbà míì,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, bí wọ́n ti ń wá ọ̀pá wọn, “kọ́kọ́ máa sọ fún mi.”

Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé ìwé ni àwọn ènìyàn ọ́fíìsì yẹn kò mọ̀ ọ́n kà. Lóòótọ́, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè ka pátákó ojú títì yẹn yanjú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun abẹ́ igi máńgòrò yé gbogbo wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹni tó ni ín kì í pariwo ni. Ohun tí ọ̀dà sọ náà ni ààlè sọ, ohùn àwọn ìyá tó tọ́ wa dàgbà ló fi sọ ọ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òjò ńlá ká mi mọ́ iwájú ilé ìwòsàn kan ní Ring Road, àyè aláàbọ̀ ara nìkan ló ṣófo. Mo ti yí ọkọ̀ sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, ni mo wí nínú ọkàn mi, ara mi sì bù máṣọ nítorí mo mọ ẹni tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́fáàsì, òjò pa mí dé awọ, inú mi ò sì bàjẹ́. Nílé, mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, mo ròyìn fún wọn, a sì tún rẹ́rìn-ín bíi tọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún lò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ààlè wa, ọmọ tó wà nínú oyún nígbà náà sì ti jáde yunifásítì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Títí di ọjọ́ tí wọ́n kúrò níbẹ̀, orúkọ wọn ò bọ́ sábẹ́ ìlà pupa mọ́.