Kòkòrò Tó Ń Dáko Sínú Igi Kajú

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Oko kajú tí mò ń sọ yìí wà lọ́nà Ìwéré-Ilé. Bàbá bàbá rẹ ló gbìn ín. Igi tó wà ní ààlà ló kọ́kọ́ gbìn, lọ́dún tí mo bí bàbá rẹ, ìdí rẹ̀ la sì sin ìwọ́ bàbá rẹ sí. Nígbà tí ọkọ mi kú, oko náà bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Mo ju àbúrò yìí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi níyàwó, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún mi.

Lọ́dún kan tí kajú náà kò so dáadáa, ó ní ká dẹ́rù ba àwọn igi náà. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ẹnì kan á gbé àdá, á ṣá igi lára, á ní òun máa gé e lulẹ̀. Ẹlòmíràn á dúró síwájú igi, á máa bẹ̀bẹ̀ fún un pé á so. Bí ẹlẹ́bẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, aládàá kò gbọdọ̀ gbé àdá sókè mọ́. Òun ló ṣá àwọn igi náà, èmi ni mo ṣe ẹlẹ́bẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a sun iṣu jẹ, a lọ sílé.

Kò pẹ́ tí ewé àwọn igi kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Mo lọ wò wọ́n. Ojú ibi tí àdá ti ṣá wọn ń ṣomi, ó ń rùn bí ẹmu àná. Ihò wẹ́wẹ́ yí ọgbẹ́ náà ká, ohun kan sì yọ síta láti inú ihò kọ̀ọ̀kan bí ìtayín funfun. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló fọ́ sí lẹ́búlẹ́bú.

Àbúrò ọkọ mi ní ikán ni. Ó da ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú sí ìdí wọn. Mo ní ikán kì í rìn láìgbé yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́, n kò sì rí yẹ̀pẹ̀. Ó bi mí léèrè ìgbà tí mo di ìyàwó ikán. Nígbà tí ọ́ìlì kò ṣiṣẹ́, ó ní kí àwọn eléèédú wá gé gbogbo oko, ká gbin ẹ̀gẹ́ sí i.

Mo tọrọ ààyè díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan ní Ṣakí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé e dé oko. Ó fi ọ̀bẹ la ara igi kan. Ògiri ihò náà dúdú bí ibi tí wọ́n fi irin gbígbóná gún. Ó ní kòkòrò kan ló gbẹ́ ihò náà, kì í jẹ igi, ìdí nìyẹn tó fi ń ti lẹ́búlẹ́bú igi síta.

Mo ní, “Kí ló wá ń jẹ níbẹ̀?”

“Oko ló ń dá, ìyá. Irúgbìn rẹ̀ wà nínú àpò kan lára rẹ̀. Ó ń gbìn ín sára ògiri ihò, á hu funfun bíi ti búrẹ́dì tó bu. Ohun tóun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ nìyẹn.”

Mo ní a jẹ́ pé àdá wa ló bá a ṣán oko. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó fi abẹ́rẹ́ yọ ọ̀kan jáde. Kò tó ẹyọ ọkà bàbà. Ó ní ìdílé wọn pọ̀, wọ́n sì jọra, òun gbọ́dọ̀ mọ ìdílé tí èyí ti wá kóun tó lè sọ bóyá ká gé oko. Ó gbé dígí tó ń mú nǹkan tóbi lójú lé e, ó pè mí wá wò ó. Kòkòrò náà ti orí bọ abẹ́ èjìká bí ẹni da ìborùn borí. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì: ìdí wọn jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà tí tiwọn sún mọ́ra. Ó tún fi irun kan tó ṣù jọ hàn mí níbi tí ẹ̀yìn ti pàdé ìyẹ́. Ibẹ̀ ni àpò irúgbìn wà. Ó wá pe orúkọ ìdílé náà, Xylosandrus. Ìwọ kọ ọ́, ahọ́n mi kò gbé e. Èwo gan-an nínú ìdílé ni, ó ní ó di ìgbà tóun bá gbé e dé Ṣakí.

Ó ní òórùn igi tó fara gbọgbẹ́ ni ìdílé yìí ń tẹ̀ lé. Ká gé èyí tó ti rọ, ká sun ún níbẹ̀, ká má kó o wálé dáná. Ká fi èyí tí àdá kò kàn sílẹ̀. Igi ààlà ní ihò lára, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ó ní òun kò lè sọ ti ìyẹn, ó lè kú, ó lè yè.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ọkọ mi gé àwọn tó rọ, a sun wọ́n. Ó wá gba ọ̀nà igi ààlà lọ. Ó ní èyí tí ọmọ ìjọba kò lè sọ, òun lè sọ ọ́. Mo lọ dúró síwájú igi náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi dúró fún un, á so lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Ìyàwó, a ti ṣe eré yẹn tán.”

“Ẹ̀rín wo lẹ rí lẹ́nu mi?”

Ó wò mí, ó wo àdá. Ẹlẹ́bẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ó gbé àdá kọ́ èjìká, ó ní bí kò bá so, èmi lòun máa gé.

Ìdajì igi náà ti gbẹ. Ìdajì kejì yọ òdòdó nígbà ọyẹ́, ó sì so ìwọ̀nba. Mo gbé èyí tó kọ́kọ́ pọ́n lọ bá a nílé. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó ní ó kan díẹ̀.