Ẹ̀yìn Àǹtí Fọ́tò

Nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé ni Àǹtí Fọ́tò ti ń ya àwòrán pélébé fáwọn tó fẹ́ gba káàdì. Ẹnu rẹ̀ dùn. "Bọ̀dá, àwòrán la fẹ́ yà, a ò mú yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá." Báyìí ló ṣe ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán tirẹ̀ kan lára ògiri. Láti kékeré ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́: èjìká ọ̀tún ga ju òsì lọ, egungun ìhà sì yọ gọngọ lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó máa fi ìborùn bò ó. Oòrùn ìbáà mú, ìborùn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Àǹtí Fọ́tò gbójú sí kámẹ́rà.

"Rẹ èjìká ọ̀tún sílẹ̀, ọmọ dáadáa."

Ọmọ náà gbìyànjú. Kò rẹlẹ̀.

"Àbí o ò gbọ́ ni? Jókòó dáadáa."

"Ẹ bá mi bá a wí, Àǹtí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọ̀lẹ ni. Báàgì ló ń gbé sápá kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo pé kó nàró."

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Bó ṣe tẹríba láti fi etí aṣọ nujú ni Àǹtí Fọ́tò rí apá ọ̀tún ẹ̀yìn rẹ̀ tó wú sókè lábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù. Ojú tì í gan-an. Òun tó yẹ kó tètè mọ̀, òun ló tún ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

"Mọ́mì, ẹ má bá a wí mọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe báàgì. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wọ́. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn nígbà tó ṣì ń dàgbà."

Ìyá náà fajú ro. "Ẹ má fàìsàn lọ ọmọ mi o. Ta ló sọ fún yín?"

Àǹtí Fọ́tò ti ilẹ̀kùn. Ó bọ́ ìborùn, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ká búláòsì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Yàtọ̀ sí ìyá tó bí i, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀yìn yẹn rí. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu.

"Wọn ò mú tèmi lọ síbì kankan," ló wí, láì tíì nàró.

Ọmọ ló béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ó máa ń dùn yín?"

"Tó bá dìrọ̀lẹ́."

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán eegun ọmọ náà. Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣe nǹkan líle kan bí ẹ̀wù fún un, tó ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ, kí eegun má baà wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ wá jíṣẹ́ fún Àǹtí Fọ́tò, kò lè wò ó lójú. "Mo ti na ọmọ yìí nítorí ẹ̀yìn yẹn," ló wí jẹ́jẹ́. Ó fi kún un pé òun ti sọ ti Àǹtí fún dókítà, ó sì ní kí Àǹtí náà wá.

Àǹtí Fọ́tò fi falẹ̀ títí kó tó lọ. Wọ́n ní eegun tiẹ̀ ò lè nà mọ́, ṣùgbọ́n eré ìdárayá á dín ìrora kù. Láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á tẹ́ ẹní sílẹ̀, á máa na ara bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìrora ọ̀hún ti ń rọlẹ̀. Àmọ́ bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn, á fò dìde, á ní ìdérí kámẹ́rà òun ló bọ́ sílẹ̀ tóun ń wá.