Òkúta Dúdú tó Fẹ́ Mí

Iná lọ nígbà tí ohun tí à ń yan ṣì wà nínú ìléru, ìléru náà sì tutù lójijì. Ọ̀gá mi, Dókítà Adébọ́lá, ọmọ ìlú Ùsì, kàn bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn.

Ní yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísìrì wa ní Ọyẹ́, èmi ni mo máa ń bá wọn po èròjà ítíríọ̀mù, báríọ̀mù àti bàbà, tí a ó lọ̀ ọ́ kúnná, tí a ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí oògùn oníhóró, tí a ó sì yan án. Òkúta tó dúdú bí èédú ló ń jáde. Bó bá tutù gidigidi, iná mànàmáná á gba inú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, á sì gbé òòfà sókè. "Ti ooru gíga" ni àwọn onímọ̀ ń pè é, torí pé àwọn irú rẹ̀ tó ṣáájú fẹ́ òtútù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru tó tutù ju yìnyín!

A yọ òkúta náà nínú ìléru, a da náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ le gan-an, sí i. Òòfà tí a gbé lé e jókòó gẹlẹtẹ. Náítírójìn tó kù sì ń gbẹ nínú ìgò rẹ̀. Bó bá tán láìrí nǹkan kan fihàn, àwọn aláṣẹ á gba ìléru lọ́wọ́ wa.

"Mà, ẹ jẹ́ ká da òkúta yìí nù," ni mo wí.

"Dà á nù kẹ̀? Kò bàjẹ́. Atẹ́gùn ni kò rí mí." Wọ́n yàwòrán rẹ̀ sójú pátákó. "Bàbà àti ọ́síjìn tò ní àjà-àjà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Orí àjà yẹn ni iná ń gbà. Ṣùgbọ́n láàárín àjà, àyè ọ́síjìn ṣófo. Ìléru yára tutù jù, ọ́síjìn kò ráyè wọlé."

A gba Ìkọ̀lé lọ bá bàbá jórinjórin kan, nítorí àgbá ọ́síjìn rẹ̀.

"Irin wo lẹ fẹ́ jó?"

"Kì í ṣe irin, bàbá. Òkúta kan ló fẹ́ mí," ni ọ̀gá mi dáhùn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Uṣẹ́ yín mà ga o! Ẹ gbé e."

A tan jẹnẹrétọ̀, a dá òkúta náà padà sínú ìléru, a tún un yan, a sì ń fi ọ́síjìn sí i. Ọ̀gá mi ò kúrò níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín ooru rẹ̀ kù, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn.

Nígbà tí a da náítírójìn tó ṣẹ́ kù sí i, èéfín funfun bolẹ̀. Wọ́n gbé òòfà lé e, wọ́n yọwọ́. Òòfà dúró lófuurufú. Wọ́n ti bébà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò kan nǹkan kan.

"Ìwọ ni kó o yí i," ni wọ́n wí.

Mo fi ìka kàn án. Ó ń yí, ó ń yí, kò dún. Omi bọ́ lójú mi.

Mo délé, ìyàwó mi bi mí pé kí la ṣe níbi iṣẹ́. Mo ní, "A fún òkúta ní atẹ́gùn, ló bá gbé òòfà dúró lófuurufú."

Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, bóyá ibà ló mú mi.