Ìró Ìkíni Lórí Òrùlé Wa

Láyé ìgbà tí owó epo dé, tí gbogbo ènìyàn ń sáré kiri Èkó bí ẹni tí iná ń lé, awakọ̀ bàálù ni ọkọ mi. Bàálù kékeré ni o, ẹlẹ́ńjìnnì kan, tó máa ń kó àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ sí Wàrí. Ṣógúnlé là ń gbé, èmi sì ń ṣe tíṣà ní Ìsọlọ̀.

Tó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, orí òrùlé wa ló máa ń gbà kọjá kó tó balẹ̀ ní Ìkẹjà. Bó bá ti ré àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀ kọjá, á dín eré ẹ́ńjìnnì kù, á jẹ́ kó máa kùn lórí ohùn kan ṣoṣo, hùùùn, títí yóò fi kọjá ilé wa. Bó ṣe ń kí mi nìyẹn. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá gbé omi ẹ̀bà kaná. Àwọn alájọgbélé wa á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyàwó páílọ́ọ̀tì, ọkọ yín ti ń pè yín o!" Ojú á tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi á máa dùn. Kí ni màá máa purọ́ fún?

Ní Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn, ẹnjiníà tó ń tọ́jú bàálù náà wá jẹun nílé wa. Ó ní àwọn ti pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí níwájú bàálù, pé tuntun ló wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ibì kan wà nínú eré ẹ́ńjìnnì tí abẹ̀bẹ̀ tuntun náà kò gbọ́dọ̀ pẹ́ sí. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun ibẹ̀ lójú aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré tó. Awakọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá kíákíá, kó má ṣáà dúró.

"Tó bá dúró ńkọ́?" Èmi ni mo bèèrè.

"Abẹ̀bẹ̀ á máa gbọ̀n ni, Mọ́mì. Ẹni tó wà nínú bàálù lè má mọ̀ rárá." Ó mú háńgà onírin kan lórí okùn aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Lójú, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Títí dìgbà tí..." Irin náà dá sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, hùùùn tí ẹ fi ń kí Mọ́mì yẹn, inú pupa yẹn gan-an ló bọ́ sí o. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀."

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. "Ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà? Kó o tó mọ̀, mo ti balẹ̀."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí àlejò lọ tán, mo bẹ ọkọ mi títí. Ó ní mo ti ń ṣe bí ìyá òun.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ọ: hùùùn. Mo sáré jáde tọ̀bẹ tọ̀bẹ, mo gbójú sókè. Ìró tó máa ń dùn mọ́ mi wá di ohun tó ń kó jìnnìjìnnì bá mi. "Kọjá! Jésù, jẹ́ kó kọjá!" Mo ń pariwo bí ẹni pé ó ń gbọ́ mi lókè. Obìnrin kan tó ń pọnmi lágbàlá ní, "Ọkọ yín mà ń kí yín ni."

Inú wá bí mi. Ọmọ Èkìtì ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbínú pamọ́. Nígbà tí ọkọ mi wọlé, tó jókòó láti jẹun, tó ṣí abọ́, kò bá oúnjẹ níbẹ̀. Háńgà tó dá sí méjì ló bá.

"Kí lèyí?"

"Ìkíni yín nìyẹn. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ ṣáà máa bọ̀ wálé láàyè."

Ó kó irin náà kúrò nínú abọ́. "Ó dáa. Mi ò ní kí ọ mọ́."

Mo rò pé ẹ̀rù tán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òjò ṣú. Bàálù ń kọjá, bàálù ń kọjá, torí ojú ọ̀run Ìkẹjà kì í sinmi nígbà yẹn. Kò sí èyí tó kí mi. Èwo ni tirẹ̀ nínú wọn? Àbí kò tilẹ̀ sí nínú wọn? Omi ẹ̀bà hó títí ó fi gbẹ. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìkíni yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọkọ mi ti dé. Irin tó dá sí méjì ni mo ń rí ṣáá.

Ilẹ̀ ti ṣú kó tó wọlé. Ó ní òjò ló dá àwọn dúró ní Wàrí. Mo bú sẹ́kún, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a láyà.

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n má kí ọ mọ́," ó ní.

Òótọ́ ni. Kò sì kí mi láti òkè mọ́ títí tó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàálù yòówù tó bá gba orí òrùlé wa kọjá, màá dúró, màá gbàdúrà fún un títí mi ò fi ní gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́, nítorí mi ò mọ èyí tí ọkọ mi wà nínú rẹ̀.