Ọ̀sán Tí Òjìji Pòórá ní Emùrè-Ilé

Ọmọbìnrin kékeré kan ní àdúgbò wa ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ń wo àwòrán rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbéra lọ sí òṣùpá nínú fóònù ìyá rẹ̀, ó sì bi mí léèrè pé, "Màmá, ṣé a ní irú sánmà yẹn ní Ọ̀wọ̀ níbí?" Mo sọ fún un pé sánmà kan ṣoṣo ni ó bo gbogbo ayé. Ó wò mí bí ẹni tí àgbàlagbà ń tù nínú lásán, ó sì padà sídìí fóònù náà.

Ìwò yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Olùkọ́ ni mo jẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, n kò sì gbà kí ọmọ kan ní ìlú mi máa rò pé ohun ìní àwọn ẹlòmíràn ni oòrùn àti òṣùpá. Mo pinnu pé n óò wá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí yóò fún mi ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí n lè máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ojú sánmà.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Emùrè-Ilé, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, ni ó gbà láti gbọ́ tẹnu mi. Mo lè bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n nítorí ipò rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní wákàtí ìkẹyìn ọjọ́ Ẹtì ṣófo, àmọ́ àwọn òbí ń fẹ́ kí òun fi í kún ìṣirò.

Ó ní, "Màmá, kò sí òbí tí yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá wo ìràwọ̀ lálẹ́. Ẹ fi ohun kan hàn wá tí a lè fojú rí ní ọ̀sán. Bí ó bá rí bí ẹ ti wí, ọjọ́ Ẹtì di tiyín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú, ìṣirò ni a óò fi ṣe."

Mo ní, "Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo ti mọ ohun tí n óò fi hàn wọ́n. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí mo lọ, a kọ́ pé ìlà méjì wà lórí ilẹ̀ ayé, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, àti pé láàárín méjèèjì ni oòrùn ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ lọ́dọọdún. A kọ́ ọ lákọ̀ọ́sórí bí ẹni ń ka ìwé àdúrà. Kò sí ẹni tí ó mú wa jáde kúrò nínú kíláàsì lọ wò ó. Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè kíyè sí òjìji òpó kan níwájú ilé mi. Nígbà ọyẹ́, àríwá ni òjìji ọ̀sán máa ń kọjú sí. Nígbà tí òjò bá wọlé tán, ó máa ń yí sí gúúsù. Ohun tí ó bá ń ti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní ṣàì gba àárín kọjá. Gbogbo ọ̀sán ni a máa ń wí pé oòrùn kan àtàrí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni ó ń dúró ṣánṣán lókè orí wa. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ní ìṣẹ́jú tí ó bá dé ibẹ̀, ohun tí ó bá dúró ṣánṣán kì í ní òjìji.

Ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí wọ́n gba ìsinmi Àjíǹde ni èkínní nínú ọjọ́ méjèèjì bọ́ sí lọ́dún yẹn. Ọ̀gá fẹ́ kí a lo òpó àsíá. Mo kọ̀, nítorí pé òpó náà ti tẹ̀ díẹ̀. Páìpù irin kan ni mo ní kí bíríkìlà rì mọ́lẹ̀, ó sì fi okùn ìwọ̀n rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi dúró ṣánṣán. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé kí ó kó àwọn ọmọ jáde nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí aago kan lù. Ó mi orí bí a ti í mi orí fún arúgbó, ó sì kó wọn jáde ní aago méjìlá.

Agogo lù. Òjìji páìpù náà nà sílẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́.

Ọ̀gá wúkọ́. "Màmá, òjìji ṣì wà o."

"Mo rí i. Oòrùn kò tíì dé."

"Agogo ti lù, Màmá."

"Agogo yín ni ó lù. Oòrùn kò ní agogo."

Àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìntì, ni ó bá mi lọ. Ó ní kí òun lè gbé mi bí mo bá dákú. Ó wo òkè, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ó gba ọ̀nà Ìkàrẹ́." Àwọn tíṣà rẹ́rìn-ín.

Mo fi igi fa ìlà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, mo sì ṣàlàyé pé aago kan ṣoṣo ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, bí ilẹ̀ wa ti fẹ̀ tó. Ibi tí a ti fi oòrùn wọn aago náà wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ó tilẹ̀ kọjá Maidúgùri. Orí àwọn ara ibẹ̀ ni oòrùn ń kọ́kọ́ dé. Ayé ṣì gbọ́dọ̀ yí díẹ̀ sí i kí ó tó kàn wá.

Ìkùukùu ṣú bo oòrùn. Ọ̀gá gbé àga wá fún mi pẹ̀lú agbòòrùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ebi ń pa àwọn ọmọ, Màmá. Ẹ jẹ́ kí a fi í sí ọjọ́ mìíràn."

"Kò sí ọjọ́ mìíràn. Lọ́la ẹ ń ti ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹ bá fi wọlé padà, oòrùn yóò ti kọjá lọ sí àríwá."

N kò jókòó. Bí mo bá jókòó, wọn óò rò pé ó ti parí.

Ìkùukùu náà ṣí. Òjìji ti kúrú, kò ju ìka lọ mọ́. Àwọn ọmọ tí ó ti ń ti ara wọn sún mọ́ ọn. Ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ páìpù, ó ku bí èékánná, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ mọ́ ju irin tí ó dúró lọ. Ọmọ kan wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Tèmi náà ti lọ." Ni gbogbo wọn bá ń yí kiri, tí wọ́n ń wá òjìji wọn. Ọ̀gá náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wo abẹ́ bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, bí a bá ti wọlé, ọjọ́ Ẹtì di tiyín."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè ìgbà tí oòrùn yóò tún padà dé orí wa. Mo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni, nígbà tí ó bá ń ti àríwá bọ̀.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Inú ìsinmi gígùn nìyẹn. A óò ti ti géètì."

"Oòrùn kì í gba ìsinmi. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ géètì nígbà náà, n óò kó wọn wá fúnra mi."

Ó wo àbúrò mi, bí ẹni ń wá alágbàwí.

Àbúrò mi ní, "Ọ̀gá, ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ kò bá fún wọn, ògiri ọgbà yìí ni wọn óò fò, èmi ni n óò sì máa tọ́jú ẹsẹ̀ wọn."