Apá Tí A Fẹ́ Lọ Sin

Kọ́mú ọ̀kìrìkà ni mò ń tà lọ́jà Ṣàngó, àyà obìnrin kankan ò sì lè parọ́ fún mi. Ẹ lè fi híjáàbù bò ó, ẹ lè so ó mọ́lẹ̀, ẹ lè fà á sókè. Kẹ́ ẹ tó dé iwájú ìsọ̀ mi ni mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ gbé bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi ní láti ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin padà dé láti Èkó pẹ̀lú àyà tí kì í ṣe èyí tó gbé lọ. Ó kí mi, mo dá a lóhùn, mo wò ó láti ọrùn dé ìdodo.

"Àwọn wo lo kó bọ̀ yìí?"

"Àwọn wo, Àǹtí? Èmi nìkan ni."

"Irọ́ ni. Àwọn méjì kan ṣáájú ẹ wọlé."

Ó bínú. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Kì í ṣe òun ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọkọ rẹ̀ ni. Ọmọ mẹ́ta ni àbúrò mi fún lọ́mú. Ọmú náà ti jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an, ó wá jókòó jẹ́jẹ́, ó ń sinmi. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò fẹ́ ọmú tó ń sinmi. Ó ti rí irú èyí tó wù ú nínú fóònù, lára àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí, ó sì kó ìyàwó rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Èkó, bí ẹni wa mọ́tò lọ bá àwọn tó ń kun ọ̀dà. Ta ló tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀? Ọkùnrin tó jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kí àlejò kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Kò sẹ́ni tó mú òun lọ sí Èkó kí wọ́n lọ bá a gé e kù.

Rọ́bà ni wọ́n fi sí i lábẹ́ ọmú, rọ́bà tí nǹkan kan bí ẹ̀kọ tútù wà nínú rẹ̀. Ó dára lójú, mi ò ní purọ́. Àbúrò mi ń rìn bí ẹni tó ru àwo ẹyin. Ọdún díẹ̀ kọjá, ni ọmú òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí le. Ó le bí ọsàn tí kò pọ́n, nígbà tó yá ó le bí àgbọn, ó sì ń fa ara rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí àwọn méjèèjì ò fi dọ́gba mọ́: ọ̀kan ń wo Jẹ́bbà, èkejì ń wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrora náà wá rìn dé apá. Kò lè nawọ́ sókè mú ìkòkò. Kò lè gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Ojú ń tì í láti sọ nílé wa pé ọmú tí wọ́n rà ní Èkó ló ń ṣe òun, nítorí náà ó gbé ọ̀rọ̀ náà lé apá lórí. "Apá ló ń dùn mí." Gbogbo agbo ilé gbà pé apá ni. Wọ́n fi òrí pa á. Bàbá, ìyẹn àbúrò bàbá tó bí wa, àlùfáà tó jẹ́ olórí ilé wa, kọ kéwú sára pátákó wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó ní kó mu hàǹtú, ìyẹn omi tó fi fọ̀ ọ́. Hàǹtú Bàbá ò ní àbùkù kankan. Ó kàn jẹ́ pé wọn ò fún un ní àdírẹ́sì tó yẹ kó lọ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nísọ̀, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi, tó ti lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù látàná. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, àmọ́ mo lè ka Yorùbá tí wọ́n bá kọ ọ́ gbàǹgbà. Bó ṣe kọ ọ́ rèé:

"Anti, dokita ni awon maa yo apa mi laaro ola. E ma so fun enikankan."

Mo kà á, mo tún un kà. Mo pè é, fóònù ti kú. Kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni? Apá ni o, kì í ṣe èékánná. Tí wọ́n bá yọ apá èèyàn, ṣé abẹ́ ìrọ̀rí ló máa gbé e pamọ́ sí? Mo pa ìsọ̀ dé, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di agbo ilé wa.

Ẹ̀ ń wí! Àwọn tó ń wá ìdí láti sunkún látàárọ̀ rí i. Bàbá nìkan ló jókòó lórí awọ ìkírun rẹ̀, tó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Ara mùsùlùmí kì í ṣe pàǹtírí. Bí wọ́n bá gé e, a óò gbà á lọ́wọ́ wọn, a óò wé e, a óò sin ín."

Ìyàwó rẹ̀ nu ojú. "Ṣé a óò kírun sí i lára ni?"

"Kírun sí apá lára? Ṣebí olúwa rẹ̀ ṣì wà láàyè."

"Mo ní kí n bi yín ni. Apá òsì sì ni. Kò ṣe rere kan tí mo mọ̀."

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run."

Bàbá dìde, ó lọ mú aṣọ líkáfánì tó ti rà kalẹ̀ de ọjọ́ ikú tirẹ̀. Ó ní kí n na apá òsì mi. Ó fi wọn aṣọ náà láti èjìká dé orí ìka, ó mú abẹ, ó gé e.

Mo ní, "Bàbá, tèmi sanra ju tiẹ̀ lọ o."

"Kó kúkú ṣẹ́ kù," ó fèsì. "Kì í ṣe aṣọ ọdún."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Bàbá dé ọsibítù náà, líkáfánì wà nínú ọ̀rá dúdú lórí itan rẹ̀ látinú kẹ̀kẹ́. Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ka apá rẹ̀. Méjì ni. Mo ní a ò tíì pẹ́ jù nìyẹn. Òun ní tirẹ̀, bó ṣe rí Bàbá lẹ́yìn mi, ó fa aṣọ bo orí.

"Àǹtí, mo ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni!"

Kí n tó fèsì ni dókítà wọlé, ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣeé bí lọ́mọ, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Bàbá kí i dáadáa, ó ṣàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀, ó wá ní, "Dókítà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ má jù ú nù. A ti mú aṣọ wá."

"Gé kí ni, Bàbá?"

"Apá ọmọ mi."

Dókítà wo àbúrò mi. Ó wo ọ̀rá dúdú. Ó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gba imú jáde.

"Bàbá, kì í ṣe apá. Àpá ni."

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn."

"Rárá, sà. *À*-pá. Bí ojú ọgbẹ́ tó ti jinná."

"Kí wọ́n gé ojú ọgbẹ́ tó ti jinná? Àpá ibo?"

Dókítà yí ojú sí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ẹni tó ni ara ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ìyẹn. Ó fẹ́ kí a bọ́ síta, àbúrò mi ní ká dúró. Láti abẹ́ aṣọ ló ti sọ ọ́: "Ti inú ọmú mi ni, Bàbá."

Apá, àpá. Ẹni tó ń kọ̀wé sórí fóònù láìfi àmì sí i, ẹ bá mi gbá a létí. Ká ní àpà, onínàákúnàá, ni mo tiẹ̀ kà, ǹ bá ti gbà pé ọkọ rẹ̀ ni dókítà fẹ́ yọ dànù, ǹ bá sì ti ṣe sàráà.

Àbúrò mi ní kí dókítà ṣàlàyé fún wa. Ó ní ara kì í gba àjèjì lásán. Tí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, á fi àpá mọ ògiri yí i ká. Ti ẹlòmíràn á fúyẹ́, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ti àbúrò mi ló ki, tó ń sún kì, tó ń fún rọ́bà náà pọ̀ bí ẹni fún kànrìnkàn. Ògiri yẹn ni wọ́n fẹ́ gé kúrò, tòun ti rọ́bà. Mo wò ó, mo ní ara àbúrò mi gbọ́n ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí pé àlejò tí kò ní ìdílé kan wọlé, ó sì ti tì í mọ́lé.

Dókítà ní ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ṣé kí wọ́n fi rọ́bà mìíràn rọ́pò, àbí kí wọ́n rán ojú rẹ̀ pa bẹ́ẹ̀? Ó ní kí àbúrò mi rò ó dáadáa, nítorí àpá náà lè tún padà wá mọ ògiri yí tuntun náà ká. Òun ń bọ̀ wá gbọ́ èsì, kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Nígbà tó jáde, àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ọmọ mi ń na ọwọ́ sí mi, mi ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní tí mo bá padà wálé láìsí ọmú, òun mọ ibi tí ọmú wà."

Ó mọ ibi tí ọmú wà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin. Ọmọ mẹ́ta ló bí fún un, ó sì ń halẹ̀ obìnrin mìíràn mọ́ ọn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á gan-an. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bà á lẹ́rù.

Bí wọ́n bá dárúkọ àpà, á yọ. Ọkọ rẹ̀ wọlé, lọ́fínńdà rẹ̀ ti gba gbogbo yàrá kó tó pa ilẹ̀kùn dé. Kò mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Ó rí láwàní Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà tẹ̀ lé e wọlé, ó ní òun wá gbọ́ èsì.

"Ẹ̀n, dókítà," ọkọ rẹ̀ rọra sọ, ó ń ṣẹ́jú, "a ti jọ sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ṣe é bí a ṣe sọ."

"Kí ló wí?" Bàbá béèrè. Etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́.

Àbúrò mi ṣí aṣọ kúrò lórí. "Ẹ sọ ọ́ sókè. Bàbá ò gbọ́."

Ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo títì Fate kan tó bá ń dáhùn fóònù! Ó wo Bàbá, ó wo fáànù, ó wo bàtà rẹ̀. "Mo ní... kí wọ́n ṣe ohun tó bá tọ́."

"Kí ló tọ́?" Bàbá tún béèrè.

"Ẹ sọ fún wọn," ni àbúrò mi wí. "Ẹ sọ fún Bàbá irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́, àti bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó tóbi tó."

Òógùn bọ́ sílẹ̀ láti iwájú orí rẹ̀. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Wáláhì, mo gbádùn ọjọ́ yẹn ju ọdún iléyá lọ.

Bàbá dúró dè é títí. Ó wá yí ojú sí àbúrò mi. "Ìwọ tí wọ́n fẹ́ là ńkọ́?"

"Mi ò fẹ́ òmíràn, Bàbá."

"Dókítà, ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́, sà." Wọ́n gbé e wọlé.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, dókítà gbé àwo kan wá kí a rí i. Àpá náà wà níbẹ̀, ó funfun, ó yi, bíi pọ̀nmọ́ tí kò jinná. Rọ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti hunjọ lójú kan. Bàbá béèrè èwo ló jẹ́ ara ọmọ rẹ̀. Dókítà ní àpá ni, ṣùgbọ́n àwọn ń fi ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò ná, kí wọ́n wò ó bóyá àìsàn kan fara pamọ́ sínú rẹ̀.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa," Bàbá ní. "Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ká sin ín." Ó wá fi ìka kan ti àwo náà. "Rọ́bà yìí ò sí nínú ẹ̀tọ́. Ẹ fún ẹni tó rà á."

Wọn ò rí àìsàn kankan, àlùhámúdúlíláì. Ojú abẹ jinná. Ọkọ rẹ̀ fi bí oṣù kan ṣe bí ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan, ó wá gbéra lọ́jọ́ kan, ó wá bá mi nísọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ tiyín. Kò ju kó kàn tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lọ. Tí kò bá gbà, ẹ má bínú sí mi o, mo lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀sìn gbà mí láyè."

Láti ọjọ́ tó ti gbé àbúrò mi níyàwó, "ẹ" ni mò ń lò fún un, nítorí àna ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo wá "ẹ" náà lẹ́nu mi, mi ò rí i.

"Lọ fẹ́ ẹ," mo ní. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ sọ ìdí tó o fi ń fẹ́ ẹ fún Bàbá. Sókè. Ọkùnrin tí kò lè sọ ohun tó ń fẹ́ lójú àgbà, obìnrin kan ti pọ̀ jù fún un."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èébú lẹ̀ ń bú mi ni?"

Mo fa àpótí kan sún mọ́ ọn. Mo ní kó jókòó, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.