Àdúrà Tí Màmá Mi Gbà Láàárín Odò Gbígbẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tá a ti padà dé Barking ní London níbí, síbẹ̀ àyà mi ṣì ń já.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ màmá mi mọ̀ pé Aládùúrà paraku ni wọ́n. Etí odò Roding, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní River Road, ni wọ́n ti máa ń gbàdúrà láràárọ̀ Sátidé. Nígbà tá a fẹ́ lọ lo họ́lídè ní Morocco, wọ́n gbọ́ pé odò kan wà níbẹ̀ tó ń ti orí òkè oníyìnyín ṣàn gba inú aṣálẹ̀ kọjá. Ni wọ́n bá di sùtánà àti kẹ́ẹ̀gì sínú báàgì.

A débẹ̀, kò sí omi. Iyanrìn àti òkúta lásán ni. Mo rò pé a máa padà. Màmá ní omi lè má sí, ọ̀nà odò ṣáà nìyí, Ọlọ́run sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n wọ sùtánà, wọ́n bọ́ bàtà sí etí ibẹ̀, wọ́n rìn lọ sí àárín gbùngbùn, wọ́n kúnlẹ̀.

Hassan, dírẹ́bà wa, ń wo òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní kí n pè wọ́n jáde kíá, pé òjò ń rọ̀ lórí òkè. Mo gbójú sókè, ojú ọ̀run mọ́ roro. Òjò wo? Ẹ sì mọ̀ pé èèyàn kì í já àdúrà gbà mọ́ ìyá Aládùúrà lẹ́nu. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n ṣe Àmín ná.

Mo kàn gbọ́ ariwo kan, bí ìgbà tí rélùwéè District line bá ń wọ ibùdókọ̀ Dagenham East. Hassan ti sáré wọ inú iyanrìn. Ó gbé màmá mi nílẹ̀, wọ́n ń lù ú lẹ́yìn, wọ́n rò pé ó ya wèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn kan etí odò ni omi pupa ya dé láti orí òkè, tòun ti igi àti òkúta. Bàtà lọ, kẹ́ẹ̀gì lọ. Mi ò rí ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí mọ́.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Màmá di ọwọ́ Hassan mú, wọ́n wá ṣe Àmín.

Ní Sátidé tá a tún lọ sí Roding, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi bi mí pé, “Ṣó o ti check bóyá òjò rọ̀ níbì kan?”

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé tí ọmọ ìbílẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ jáde, ẹ jáde, Ọlọ́run á gbọ́ ìyókù àdúrà náà létí odò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ọ̀wọ̀ ti pa yín lẹ́nu mọ́ rí, tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ pàdánù ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.